Ṣíbí Mọ́ọ̀tì Mẹ́ta

Kọ́là aṣọ ilé ìwé kan ni mò ń tú lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ti rán an tán, mo ti ká a mọ́ àwọn yòókù, kí n tó tún fi téèpù wọ̀n ọ́n, tí mo wá rí i pé apá ọ̀tún fi díẹ̀ gùn ju apá òsì lọ. Díẹ̀ náà kò ju ìbú òwú mélòó kan lọ. Ọmọ tó ni aṣọ kò ní mọ̀, ìyá rẹ̀ kò ní mọ̀, olùkọ́ rẹ̀ kò ní mọ̀. Èmi á mọ̀. Àwọn oníbàárà mi ní Ìgàndó ti gbà bẹ́ẹ̀ fún mi: aṣọ wọn kì í tètè jáde, ṣùgbọ́n tó bá jáde, kì í wọ́.

Bí mo ṣe ń fi bíléèdì já òwú ni ọmọ-ọmọ mi wúkọ́ lórí ẹní lẹ́yìn mi. Ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe ọmọ mi kan ṣoṣo, fi í sọ́dọ̀ mi nígbà tí ibi iṣẹ́ rán an lọ sí Àkúrẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta tí ọmọ náà ti ń wúkọ́ nìyẹn, kò sì yà mí lẹ́nu, torí èéfín ààtàn ti ń wọlé tọ̀ wá ní àràárọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tí kì í wúkọ́ ládùúgbò. Mo ti fi àdín pa á láyà. Mo ti wọ súwẹ́tà méjì fún un, mo sì ti dé e ní fìlà òwú, nínú ooru tí èmi fúnra mi ń fi páálí fẹ́ ara mi.

Ṣùgbọ́n ikọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí kò dún bíi ti àná. Mo yíjú. Ihò imú ọmọ ń fẹ̀, orí rẹ̀ ń mì bó ṣe ń mí. Mo bọ́ súwẹ́tà méjèèjì. Abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọlé bí ọ̀rá tí ènìyàn bá fà mọ́ ẹnu.

Ẹlòmíràn á gbé ọmọ pọ̀n, á sì máa sáré. Èmi mú ìwé tí mo máa ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, mo gbé fóònù síwájú, mo sì ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Mo kọ ọ́: méjìléláàádọ́fà. Mo ní bóyá mo ṣì í kà. Mo tún un kà: mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Ìgbà tí iye náà dá mi lójú tán ni mo tó rántí pé kò yẹ kí n ṣì wà nílé. Mo pọ̀n ọ́n, mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi.

Ní ilé ìwòsàn, mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ lẹ́nu. Mo kí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ló ń mí ní ìṣẹ́jú kan."

Nọ́ọ̀sì náà dúró. "Ta ló kà á?"

"Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

Ó ṣí aṣọ ọmọ náà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. "Màmá, méjìdínlọ́gọ́ta ni."

Mo sọ fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kò lè rí bẹ́ẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe kà á?"

"Tó bá fà á sínú, ọ̀kan. Tó bá fi sílẹ̀, èjì."

Ó fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò rí i pa. "Àtiwọlé àtijáde, ẹyọ kan ni, Màmá! Tó bá jẹ́ iye tẹ́ ẹ kà yẹn ni, ọmọ yìí ì bá ti fò dé Bàdágìrì." Lójú kan náà, ó ti gba ọmọ lẹ́yìn mi. "Méjìdínlọ́gọ́ta náà ti pọ̀ jù. Ẹ máa tẹ̀lé mi bọ̀."

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé èmi tí mo ń tú kọ́là nítorí ìbú òwú, ìlọ́po méjì gééré ni mo fi ṣìṣe. Ohun tó tún burú ni pé inú mi dùn díẹ̀ pé ìlọ́po méjì náà pé, kò lé, kò dín.

Dókítà tó wá wò ó jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tí ì tó ọmọ mi lọ́jọ́ orí. Ó fi nǹkan gbọ́ àyà ọmọ níwájú àti lẹ́yìn, ó ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Mo béèrè bóyá òtútù ni. Ó ní rárá, súwẹ́tà kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Wọ́n fi rọ́bà ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan há ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí nọ́ńbà ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń hàn lára àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Méjìdínláàádọ́rùn-ún ni nọ́ńbà náà nígbà tí a dé; dókítà ní kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ méjìléláàádọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì mí.

Ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí kan lára àwọn ọmọdé tí fáírọ́ọ̀sì bá gbé dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lónìí, àwọn á tún gbà á lọ́jọ́ kẹta, àti lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ara rẹ̀ bá ti yá.

"Ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe é," ni mo wí. "Kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe?"

"Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ fún wa bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe fara pa tó, Màmá. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ilé wọn. Tí ògiri ibẹ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á jò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ohun tó jò bá ṣe pọ̀ tó ni ìpalára ṣe pọ̀ tó."

Ìyẹn yé mi kíá. Bí àwọ̀ aṣọ bá ń ṣí, omi tí a fi fọ̀ ọ́ là ń wò; kò dìgbà tí a bá tú aṣọ sí wẹ́wẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn, mo sì rò pé mo ti di ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n pe ìyá ọmọ lórí fóònù. Ó sunkún, ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dókítà, ó gbà, ó sì ní kí n bá òun fọwọ́ sí i. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ló máa tó rí ọkọ̀ padà wálé.

Kí n tó fọwọ́ sí i, mo béèrè iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà. Mílílítà méjì, kò tó ìdajì ṣíbí ìmutíì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbà á tán, mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n rí i. Mo bọ́ téèpù lọ́rùn, mo wọn ẹ̀jẹ̀ náà nínú ìgò tín-ín-rín tó wà. Kò tó ínṣì kan.

"Màmá," nọ́ọ̀sì ní, "ṣé ẹ fẹ́ rán sòkòtò fún un ni?"

Nítorí pé ọmọ náà ń mí kíákíá, ohun tó bá gba ọ̀fun lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín kan gba imú rẹ̀ dé ikùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un ní wàrà. Wọ́n sì lẹ ìwé kan mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ní èdè òyìnbó. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta àlùbọ́sà ní Ṣáṣá, tí ọmọkùnrin tirẹ̀ náà wà lórí ọ́síjìn, béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Wọ́n ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ gba ẹnu rẹ̀ kọjá," ni mo wí. "Bí ó ti wù kó kéré mọ."

"Bó ti wù kó kéré mọ" kò sí nínú ìwé náà. Èmi ni mo fi kún un, kó lè yé e dáadáa.

Ọjọ́ kejì, ara ọmọ ti ń balẹ̀. Mo ń ka mímí rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, ní ẹyọ kan fún àtiwọlé àtijáde, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé mi pẹ̀lú nọ́ńbà ọ́síjìn àti aago. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé mi kí wọ́n tó wo tiwọn. Ọ̀kan ní tí mo bá fẹ́ iṣẹ́, kí n wí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì fi rúlà fa ìlà sí ìwé náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kejì.

"Wọ́n tún fẹ́ gbẹ̀jẹ̀? Lára èyí tó rí báyìí?" Ó wo ọmọ-ọmọ mi láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí lẹ ti fi dí àkọ́kọ́?"

"Kò tó ìdajì ṣíbí," ni mo wí.

"Mi ò bi yín léèrè ṣíbí. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó funfun bíi láfún. Ẹni tó bá lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ni wọ́n máa ń gbé fún un kó tó dìde níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ni? Àgbàlagbà o! Ká tó wá sọ ti ọmọ ọwọ́."

"Wọ́n ní nǹkan kan ò gbọdọ̀ gba ẹnu."

"Oúnjẹ ni wọ́n sọ jàre. Mọ́ọ̀tì ń di ẹ̀jẹ̀ ni, ṣé oúnjẹ ni?"

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo ka ìwé mẹ́wàá jáde, mo gba kírẹ́díìtì nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Mo tún wo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Mo wo ti èmi náà. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo jáde sí ẹnu géètì, mo ra mọ́ọ̀tì kan àti mílíìkì alágolo kékeré kan. Mo pò wọ́n pọ̀ nínú kọ́ọ̀bù, ìwọ̀n ìdajì sí ìdajì, torí pé bí mo bá tilẹ̀ máa ṣe wèrè, mi ò ní ṣe é láìwọ̀n ọ́n.

Ó gbé ṣíbí kìíní mì. Ó lá ètè. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀jẹ̀ ń pè é." Ó gbé ìkejì mì. Ìkẹta ni kò lọ. Ó wúkọ́, ó la ojú rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀ sí mi, mílíìkì gba imú rẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà. Nọ́ńbà tó wà lára àpótí, tó ti wà ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún láti àárọ̀, di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ó di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í han.

Mo pariwo. Láti ìgbà tí mo ti bí ìyá ọmọ náà, mi ò rò pé mo ti pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó dojú ọmọ kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ẹ̀rọ fa ohun tó wà ní ọ̀fun rẹ̀, ó fi kún ọ́síjìn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ikọ́ ni," ni mo wí.

Ẹ wo ìdáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n á rí i pé kò sí irọ́ nínú rẹ̀; ikọ́ ni lóòótọ́. Ogún ọdún tí mo ti ń ránṣọ kò kọ́ mi ní ohun tó wọ̀ mí lára déédéé tó ìyẹn. Kọ́ọ̀bù ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìborùn mi wà lórí rẹ̀. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ti dojú kọ ògiri, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ kíákíá.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ pe dókítà, mo ṣí ìwé mi. Ọwọ́ mi kọ ọ́ láìbi mí: Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n, mọ́ọ̀tì òun mílíìkì, ṣíbí mẹ́ta. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ikọ́, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo wo ohun tí mo kọ. Mo fẹ́ fa ojú ewé náà ya, ṣùgbọ́n tí a bá fa ojú ewé kan ya nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, èkejì rẹ̀ tó wà níwájú á tú pẹ̀lú. Mo pa ìwé dé, mo jókòó lé e.

Dókítà pẹ́ lórí àyà ọmọ náà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló tún padà sí lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú rẹ̀ kò dára. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀, n kò sì rántí téèpù.

"Màmá, mo rò pé a ti ń borí rẹ̀," ó ní. "Fáírọ́ọ̀sì yìí ti tún gbéra. Tí kò bá wálẹ̀ ní wákàtí kan sí i, a máa gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó máa bá a mí. Wọ́n á fún un ní oògùn oorun, wọ́n á ti rọ́bà bọ ọ̀fun rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibi tí bẹ́ẹ̀dì bá wà."

Mo béèrè bóyá ẹ̀rọ náà máa ń dun ọmọ. Ó ní ó ní ewu tirẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀rọ náà nìkan ló kù, ẹ̀rọ náà ni wọ́n á lò. Ó ti ń tẹ fóònù.

"Dókítà, ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ gbà yẹn, ṣé ó máa sọ ohun tó ṣe é?"

"Á sọ pé ẹ̀dọ̀fóró fara pa, Màmá. Kò lè sọ ohun tó pa á lára. Ìyẹn, àwa la mọ̀ ọ́n: fáírọ́ọ̀sì ni."

Mo ti rí ẹni tó parọ́ mọ́ ọkọ rẹ̀, mo ti rí ẹni tó parọ́ mọ́ onílé. Mi ò rí ẹni tó parọ́ mọ́ fáírọ́ọ̀sì rí, àfi èmi. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Wọ́n á sì gbé ọmọ tó gbé mílíìkì sí ẹ̀dọ̀fóró lọ sórí ẹ̀rọ, nítorí àrùn tó ti ń lọ. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo dìde lórí ìwé náà, mo ṣí i, mo fi ìka sí ìlà yẹn, mo sì nà án sí i.

Ó kà á. Ó gbé fóònù kúrò létí.

"Ta ló fún un?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ sórí bẹ́ẹ̀dì ni?"

"Ó rí i!" ni Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ wí láti ibi ògiri. "Òun ló tiẹ̀ túmọ̀ ẹ̀ fún mi!" Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Dókítà, ẹ má bá òun nìkan wí. Èmi ni mo ní kó fún un. Mo bá gbogbo ẹbí mi tọ́mọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Dókítà kò bá ẹnikẹ́ni wí, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó kàn béèrè ọ̀rọ̀: ṣé ṣíbí ńlá ni àbí kékeré? Ṣé ó gbé gbogbo rẹ̀ mì? Ìṣẹ́jú mélòó ló wà láàárín ìkejì àti ìkẹta? Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ láìṣìkan. Ó fi fóònù sápò. Wọ́n ya fọ́tò àyà ọmọ náà, wọ́n rí àbàwọ́n kékeré kan ní ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, níbi tí ohun tó bá ṣìnà láti ọ̀fun sábà máa ń bọ́ sí. Ó ní ìyẹn kò jọ fáírọ́ọ̀sì, fáírọ́ọ̀sì yẹn kì í dúró sí igun kan báyìí. Àwọn á gbé orí rẹ̀ sókè, àwọn á máa fa itọ́ rẹ̀, àwọn á sì fún un láyè díẹ̀ sí i kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó wáyé.

Nígbà tí ọmọ mi ti Àkúrẹ́ dé, tó gbé báàgì sílẹ̀, nọ́ńbà náà ti padà sí àádọ́rùn-ún. Mo sọ fún un kó tó bi mí, mo sọ ọ́ tòun ti aago àti ìwọ̀n.

"Ẹ̀yin, Màmi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ẹ̀wà kẹ́ ẹ tó sè é?"

N kì í ka ẹ̀wà. Mo máa ń ṣa ẹ̀wà ni. Mo mọ̀ pé ìgbà yẹn kọ́ ni kí n tún un ṣe, mi ò sì tún un ṣe.

Wọn kò gbé e lọ sórí ẹ̀rọ kankan. Ọjọ́ mẹ́rin sí i, wọ́n yọ ọ́síjìn. Ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yọ rọ́bà, ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú, èmi jókòó sí ọ̀nà jíjìn, ọwọ́ mi wà lábẹ́ itan mi. Bí wọ́n ṣe ń dá wa sílẹ̀, dókítà ní ìgbà tí a bá padà wá gba ẹ̀jẹ̀ ìkẹta làwọn á mọ̀ bóyá ọgbẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró náà ń jinná, àbí ó kù síbẹ̀. Ó kéré tán, oṣù kan ni mo fi ń gbọ́ ikọ́ nínú gbogbo ohun tó bá dún: ilẹ̀kùn, máṣínnì mi, ewúrẹ́ ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀.

A padà lọ, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ọmọ náà ké débi tí àwọn tó wà ní gbàgede yíjú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà ní ká wá. Ìyá ọmọ wà níbi iṣẹ́, èmi ni mo gbé e lọ. Dókítà gbé ìwé kan síwájú mi: iye ohun tó jò sínú ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ga, ti èkejì ga jù ú lọ, ti ìkẹta ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó ní àwọn ti yọ èkejì sọ́tọ̀, wọn kò kà á mọ́ ti fáírọ́ọ̀sì, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tún wọn kà. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo ń wo ojú rẹ̀, mo ń retí ìbáwí tó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ kẹta yẹn. Ó ti rí i pé mò ń retí rẹ̀. Ó pa fáìlì dé.

"Màmá, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti jinná. Mi ò ní bínú sí yín o, torí bẹ́ ẹ ṣe jókòó yẹn, mo mọ̀ pé ẹ̀yin fúnra yín ti ń bá mi bínú sí ara yín láti ọjọ́ yẹn. Ẹ gbé ọmọ yín, ẹ máa lọ sílé."